Ìka Méjì sí Apá Òsì Ihò

Agbéraga ni mí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Tí ẹ bá béèrè Láwọ̀yín ní Kàbà, wọ́n á ní òun ló mọ gọ́ọ̀fù jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àbí ẹnu rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù." Òótọ́ ni méjèèjì.

Pápá wa wà lójú ọ̀nà Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀. Ihò mẹ́sàn-án péré ló ní, igi káṣú ló sì yí i ká. Ẹ má retí koríko tútù tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n o. Ibi tí ihò wà lọ́dọ̀ tiwa, iyanrìn ni, iyanrìn tí a fi ògbólógbòó ọ́ìlì ọkọ̀ pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Búráùn ni à ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, a ó fi pátákó fà á kó lè tẹ́jú padà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Jẹ̀mílà, ọmọ mi obìnrin, nígbà tí mo kọ́kọ́ fún un ní pọ́tà, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ohun tí mo kọ́ ọ kò pọ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù, kó gbé hóró káṣú kan sí àárín ojú rẹ̀ méjèèjì, kó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí hóró náà bá bọ́ lé bọ́ọ̀lù lórí, ojú rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà tó ń wò ti wọ́, kò sì mọ̀. Mo ní kó má tẹjú mọ́ ihò. Ihò jìnnà, ohun tó bá sì jìnnà máa ń tan ojú jẹ. Kó wá ẹyọ iyanrìn kan tó yàtọ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan síwájú bọ́ọ̀lù, kó kọjú ọ̀pá sí i, kó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá. Kó má sì gbórí sókè títí etí rẹ̀ á fi sọ fún un pé ó wọlé. Ọdún kan gbáko ló fi ń ju hóró káṣú. Ìyá rẹ̀ ní ṣé mo fẹ́ fi ọmọ òun ṣe ọ̀bọ ni.

Ọmọ náà gbà á. Mi ò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n.

Àṣà kan wà tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ ní pápá wa. Bí mo bá gbé àpò ọ̀pá fún ẹnikẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí a dé orí búráùn, mo máa ń lóṣòó sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, n ó wo apá tí ilẹ̀ dà sí, n ó wá kéde ibi tó yẹ kó kọjú bọ́ọ̀lù sí sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́: "Ìka mẹ́ta sí ọ̀tún ihò!" Gbogbo pápá á dákẹ́. Bọ́ọ̀lù á yí, á tẹ̀, á bọ́ sínú ihò, wọ́n á pariwo. N ó wá dìde, n ó gbọn iyanrìn nù lórúnkún, n ó ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi àràbà kò lè rí i. Ó dùn mọ́ mi débi tí mi ò lè jáwọ́.

Ọdún kejì rèé tí ojú mi ti ń lọ. Dókítà ní gùlàkómà ni. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn tí à ń kán sójú ni ká máa fi di èyí tó kù mú. Ojú ọ̀tún ti kú pátápátá. Ti òsì ń ríran bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kóòṣì tí kò ríran ṣe? Ogójì ọdún ni mo ti lò lórí búráùn mẹ́sàn-án yẹn, mo mọ apá tí ilẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà sí. Mo ń lóṣòó, mo ń di ojú kan bí ẹni ń fìyè sí nǹkan, mo sì ń fi ìrántí kéde. Bọ́ọ̀lù ṣì ń wọlé. Mo ní Ọlọ́run bò mí.

Oṣù tó kọjá ni àwọn tó ń ṣa eléré wá mú obìnrin kan ṣoṣo tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Àbújá. Àwọn tó kù ti já, ó ku Jẹ̀mílà àti Naomi, ọmọ tíṣà kan ní Mopa, àwọn méjèèjì ló sì máa pàdé ní pápá wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọdún yìí ló kẹ́yìn fún Jẹ̀mílà, nítorí ẹni tó bá ti pé ọmọ ogún ọdún kò lè bá wọn lọ mọ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi dúró de ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́bọ̀ ṣáájú Sátidé náà, oògùn ojú mi tán. Mo sọ nílé pé mò ń lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ní Ponyan, mo wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọlábímtán, ẹni tó ń tọ́jú pápá, tún búráùn kẹsàn-án ṣe. Òjò ti wọ́ iyanrìn ibẹ̀, ó wá kó iyanrìn tuntun dà sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó pe gbogbo ẹni tó wà ní pápá, ó fi hàn wọ́n. Èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ihò kẹjọ parí, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dọ́gba. A dé kẹsàn-án. Èrò ti yí búráùn ká, àwọn ará Mopa wà lápá kan, àwọn tiwa lápá kejì. Naomi gbá tirẹ̀, ó gbá márùn-ún kó tó wọlé. Jẹ̀mílà ti gbá mẹ́ta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ihò. Bí èyí bá wọlé, òun ló borí. Bí kò bá wọlé, wọ́n á dọ́gba, bí wọ́n bá sì dọ́gba, Naomi ni wọ́n á mú, nítorí òun ló borí ní ìdíje àkọ́kọ́ ní Lọ́kọ́ja. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn kí mi bí a ṣe ń kíra ní ilẹ̀ wa, ó kígbe pé, "Okun o, Bàbá Jẹ̀mílà! Ẹ bá wa wò ó!"

"Okun," mo dáhùn. Inú mi dùn bí ọjọ́ ọdún. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo lóṣòó sẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo rí ni òkùnkùn, àti òpó àsíá inú ihò tó dà bí òwú. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mi ò mọ kẹsàn-án? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ti ń dà láti òsì sí ọ̀tún.

"Ìka méjì sí apá òsì ihò!" mo kéde.

Jẹ̀mílà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù. Ó dúró, mo mọ̀ pé èmi ló ń wò.

Ó rọra ní, "Bàbá, òsì?"

"Òsì ni mo wí. Àbí o fẹ́ kọ́ mi ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ìró pọ́tà, ìró tó mọ́, tí kò ní àbùkù kankan. Mo ń dúró de ìró kejì, kò dé. Ohun tí mo gbọ́ ni àwọn ará tiwa tí wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà àwọn ará Mopa bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Jẹ̀mílà wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

Mo ní kò burú. Mo tilẹ̀ bá a wí díẹ̀ lójú èrò, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní ṣebí mo ti sọ fún un pé kó máa fọkàn balẹ̀.

Abẹ́ igi káṣú ni mo wà nígbà tí Ọlábímtán wá jókòó tì mí. Ó ní, "Láwọ̀yín, kí ló ṣe ọ́? Apá ọ̀tún ni mo da iyanrìn tuntun sí. Òsì ni búráùn yẹn ń dà sí báyìí, ó hàn kedere. Ọmọ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Òun ló bá mi fa pátákó."

Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo dìde. Jẹ̀mílà ń kó ọ̀pá sínú àpò ní ẹ̀yìn ilé ìgbàlejò pápá wa, mo sì bá a níbẹ̀.

"O rí i pé ọ̀tún ni."

Mo gbọ́ tó ti ọ̀pá kan bọ inú àpò.

"Jẹ̀mílà."

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ ti kéde. Gbogbo wọn ti gbọ́. Bí mo bá kọjú sí ọ̀tún, tó sì wọlé, wọ́n á mọ̀."

"Wọ́n á mọ kí ni?"

"Pé ẹ ò ríran mọ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí mi. "Láti ààwẹ̀ èṣí ni mo ti mọ̀. Ẹ bu omi sínú ife, omi kún, ó ń dà sílẹ̀, ẹ ṣì ń bù ú."

Mi ò tíì sunkún níwájú ọmọ rí títí di ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo nu ojú tán, mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo wọ inú ilé ìgbàlejò, níbi tí Màdáàmù Tinúkẹ́, aṣojú àwọn tó ń ṣa eléré, ti ń kọ orúkọ Naomi sílẹ̀. Yàrá kún. Mo dúró láàárín wọn, mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Afọ́jú ni mí. Ọdún kejì rèé. Èmi ni mo ṣi ọmọ yẹn lọ́nà. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kó tún un gbá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé n ó gbọ́ ẹ̀rín.

Màdáàmù Tinúkẹ́ dìde fún mi. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Ó dùn mí wọnú eegun. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ti lọ ti lọ. Ọwọ́ ọmọ yín ló gbá a. Mi ò lè gba ohun tí Naomi ti jẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo yíjú, Jẹ̀mílà ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àpò, ó jáde, mo tẹ̀lé funfun aṣọ rẹ̀ títí a fi kúrò ní pápá. A ti rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀, kò sì wẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ ti wá sọ fún wọn."

"Mo ti sọ."

"Kí ni mo wá pàdánù Àbújá fún?"

Mo fẹ́ sọ pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ pé mi ò fẹ́ kó tún fi nǹkan rẹ̀ bo àṣírí mi mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ti sọ ọ́ ṣáájú kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀la ni ì bá máa palẹ̀ mọ́ fún Àbújá. Inú ń bí i, ó sì tọ́ kó bí i. Kò sunkún. Ó ń yára rìn lọ, aṣọ funfun náà ń kéré lójú mi, mo ń táràrà lẹ́yìn rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe.

Lójijì ó dúró.

"Kòtò wà níwájú yín," ó ní. Ohùn rẹ̀ ṣì le.

Mi ò rí kòtò kankan. Ọdún méjì ni mo fi ń fo irú kòtò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oríire nìkan, tí mò ń ṣe bí ẹni pé mo rí i.

Mo na ọwọ́ mi sí i, mo ní, "Mú mi kọjá."