Odì Oṣù Mẹ́rin

"Pe bàbá ẹ fún mi, jàre. Mi ò wá jókòó."

Oníbàárà náà ti gbé àpò rẹ̀ lé orí tábìlì ìgéṣọ kí ọmọbìnrin náà tó lanu. Ìyá Oníbọ́tìnnì, tó máa ń bá bàbá ọmọbìnrin náà ran bọ́tìnnì, ló dáhùn láti ìdí fèrèsé pé ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n sin télọ̀. Ìdí ẹ̀rọ yẹn gan-an ló kú sí, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Oníbàárà náà fọwọ́ wá àga, ó jókòó. Ó ní ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni télọ̀ ṣì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ń sanra ju aṣọ lọ.

Ọmọbìnrin náà ò tíì sunkún. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ gbá a létí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lòun náà bá yan bàbá rẹ̀ lódì láti ìgbà náà. Ó búra pé òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ àfi tó bá bẹ òun. Ẹni méjì ní í yan odì. Ọ̀kan ti lọ. Aṣọ aláṣọ ló wá dá padà láàárọ̀ yìí, kó lè ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Ó ṣí ìwé ìwọ̀n láti wá ti oníbàárà náà. "Ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ kọ sórí ojú ewé tó kọ́kọ́ rí. Ìwọ̀n gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́, tó ń fagi lé ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn fi ọjọ́ méjì ṣáájú ikú bàbá náà.

Ó yí ìwé náà sí Ìyá Oníbọ́tìnnì. "Báwo ló ṣe wọ̀n mí? Mi ò jẹ́ kó sún mọ́ mi."

Ìyá Oníbọ́tìnnì ò gbójú sókè. "Ṣebí o máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí wàá kẹ̀yìn sí i. Á fojú mú ibi tí èjìká ẹ dé. Tó o bá lọ tán, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí férémù ilẹ̀kùn, á wọ̀n ọ́n. Ó ní lọ́jọ́ tínú ẹ bá rọ̀, òun ò fẹ́ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá téèpù kiri."

Ọmọbìnrin náà wo férémù ilẹ̀kùn. Ìlà funfun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra bí eyín.

Oníbàárà náà rọra dìde. Ó ní kó bá òun kó aṣọ òun, òun á wá télọ̀ mìíràn.

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí téèpù tó wà lọ́rùn ẹ̀rọ. Ó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

"Ẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mà," ó ní. "Ẹ kẹ̀yìn sí mi."