Akẹtẹ̀ Bébà Lọ́jọ́ Moshoeshoe

"Ibo lẹ̀ ń kó akẹtẹ̀ lọ? Àná ni wọ́n ṣe é o!"

Bọ̀dá Motlatsi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì abúlé wa, ló yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi mi ti tò sẹ́bàá ọ̀nà, akẹtẹ̀ bébà lórí, kúbùsù kékeré léjìká bí àṣà wa. Òun náà là ń dúró dè, kó gbé wa lọ yan nílùú ní ìrántí Ọba Moshoeshoe tó dá orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀.

"Àná kẹ̀? Bọ̀dá, òní mà ni Ọjọ́ Moshoeshoe."

"Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lónìí, ni wọ́n bá fà á sí àná. Ọ̀gá yín ò sọ fún ẹ ni? Èmi náà ni mo gbé e lọ, òun àti àwọn ọmọ tó dé akẹtẹ̀ koríko. Wọ́n yan, wọ́n jó, wọ́n jẹran yó."

Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Lánàá tí mi ò rí àwọn ọmọ kan ní kíláàsì, mo rò pé òtútù ló mú wọn.

Àwọn tí òbí wọn ò lówó akẹtẹ̀ koríko ló kù sọ́dọ̀ mi, àpò bébà ìyẹ̀fun àgbàdo la sì fi ṣe tiwa. A gé e, a ká a kó rí ṣóńṣó bí òkè, a sì fi ìyẹ̀fun náà se lẹ́ẹ̀ tí a fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a sá wọn sórí ọgbà, ewúrẹ́ jẹ ti Lipuo mọ́ lẹ́ẹ̀ mọ́ bébà. Lipuo sunkún, ó nu imú, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kókó tó wà ní ṣóńṣó akẹtẹ̀ náà ló nira jù. Ó tú u, ó tún un hun, títí ó fi dúró. Mo ti ń rí wọn lọ́kàn mi níwájú àwọn ìjòyè, bí àwọn òkè kéékèèké tó ń rìn.

"Àǹtí Khauhelo," Lipuo fa aṣọ mi, "ṣé ọkọ̀ ti kún ni?"

Mo tún kúbùsù rẹ̀ ṣe léjìká.

Ibẹ̀ ni Ìyá Tlotliso, tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa, ti yọ sí wa pẹ̀lú kúbùsù tuntun lọ́rùn.

"Khotso, Khauhelo."

Àlàáfíà ló fi kí mi. A kì í gbọ́ ọ ká má dáhùn níbí. Mi ò dáhùn.

"Ẹ mọ̀ pé àná ni, mà?"

"Ta ni ò mọ̀? Má wulẹ̀ bínú jàre. Ṣé bébà àpò ìyẹ̀fun ni kí n kó lọ síwájú ìjòyè? Òjò kan péré, ó ti di ẹ̀kọ."

Bọ̀dá Motlatsi bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ojú mi, ó fa orí wọlé.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́ wọn!"

"Kí ọwọ́ wọn lè dí ni. Ó yá, gbà wọ́n lórí wọn fún mi. Àwọn àlejò tó ń ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé. A máa fi wọ́n kọ́ ara ògiri, kí àwọn tó dé koríko dúró níwájú ẹ̀ fún fọ́tò."

Ó nawọ́ sórí Lipuo. Lipuo fi ọwọ́ méjèèjì di akẹtẹ̀ rẹ̀ mú.

"Èmi ni mo ṣe é!"

"Wo ọmọ yìí! Ta ló kọ́ ẹ láfojúdi?"

"Èmi ni," mo wí, mo bọ́ sáàárín wọn. Látọdún tí mo ti ń bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́, n kò wo ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìyá Tlotliso, ẹ ò ní rí ìkankan gbà nínú wọn. À ń yan lọ sí àgbàlá baálẹ̀ abúlé wa báyìí, torí òní ni Ọjọ́ Moshoeshoe. Tí mo bá ti fa àwọn ọmọ yìí lé ìyá wọn lọ́wọ́, mi ò bá yín ṣiṣẹ́ mọ́."