Àwa La Ni Ẹja Ọdún

Ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ mú mi lọ sí Malé, olú ìlú wa. Kì í ṣe pé ó béèrè o. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tèmi pọ̀ mọ́ ti ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kúrò nílé, ó wá tì í bọ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ ọdún Iléyá bí ẹni fún ọmọdé ní súìtì. Ó ní ṣebí mo ṣubú lóṣù tó kọjá, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kò gbọdọ̀ máa dá gbé. Àjà kẹjọ ni ilé wọn wà lọ́hùn-ún. Mo bi í pé kí ni n ó máa ṣe lájà kẹjọ. Ó ní kí n máa sinmi. Mo ní ṣé òkú ni mí ni?

Naushad lorúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló kàn jẹ́ kó gbàgbé pé èmi ni mo bí òun, pé òun kọ́ ló bí mi.

Ọjọ́ kẹta ọdún la máa ń ṣe eré ẹja ńlá ní erékùṣù wa. Àwọn obìnrin á fi imọ̀ àgbọn tútù hun ẹja kan tó tóbi bí ọkọ̀ ìpẹja, àwọn ọkùnrin á wá fi ìwọ̀ onígi àti okùn mú un. Bí wọ́n bá fà á dé abẹ́ igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn ló jẹ. Bí àwa bá gbé e padà sínú òkun, àwa la jẹ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n ti ń nà wá. Lọ́dún yìí, Naushad ni wọ́n fi ṣe olórí wọn, nítorí pé ó sanra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo wa jókòó sí èbúté, àwọn ọkùnrin sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dìde láàárín èrò. Mo ní, “Naushad, bí ẹja wa bá wọ òkun lọ́la, n kò lọ sí Malé mọ́.”

Ẹ̀rín pa á. Ó ní, “Ìyá, mo gbà. Bí ẹja yín bá wọ òkun, ẹ jókòó síbí títí ẹ ó fi ta gbòǹgbò.”

Kamana, ọ̀rẹ́ mi tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa, ní kí gbogbo ayé jẹ́rìí, òun ti gbọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́ ní tèmi. Ohun tí mo fi ta tẹ́tẹ́ yẹn, ilé mi ni.

Ìdí tí a fi lọ hun ẹja náà nínú àgbàlá mi ni pé ibẹ̀ ní ibòji. Obìnrin méjìdínlógún la jẹ́. Láti ìgbà tí a ti kírun àárọ̀ ọjọ́ kẹta tán la ti ń hun, à ń fi róṣì gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, jẹ ẹja àti àgbọn rírin, à ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a máa fi gbé orí sókè, ẹja ti fẹ̀ ju ìbú apá méjì lọ. Ìgbà yẹn ni Wadheefa, tó kéré jù nínú wa, béèrè ibi tí ẹja náà máa gbà jáde. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni ẹnu ọ̀nà mi ń gbà. Kamana rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n ní ká tú u. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní tú nǹkan kan. Òkúta inú òkun ni ọkọ mi fi mọ ògiri àgbàlá náà lọ́dún tí a fẹ́ra, ó sì ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Kamana tipẹ́. Mo gbé ọmọ odó, mo là á mọ́ ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wó lu ilé adìyẹ Kamana. Adìyẹ mẹ́rìnlá gba àárín ìgboro lọ, ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà mí. Àwọn ọmọ ọmọ mi, tí wọ́n ti fi ewé bora bí iwin òkun, ń lu agolo, wọ́n ń lé adìyẹ kiri. Bí a ṣe gba àgbàlá Kamana, tí kò ní ògiri níwájú, gbé ẹja jáde báyìí làwọn ọ̀dọ́ ba dè wá pẹ̀lú garawa omi aláwọ̀ oríṣiríṣi, torí ara ẹnikẹ́ni kì í gbẹ lọ́jọ́ kẹta. Òyìnbó tọkọtaya kan tí wọ́n yọjú láti ya fọ́tò, a fi ìrù ẹja lé wọn lọ́wọ́. Èyí ọkọ ti di àwọ̀ ewé kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Òjò náà wá ń rọ̀. Ojú mi ò ríran dáadáa, inú mi sì ń dùn bíi ti wèrè.

Nígbà tí a dé etí òkun, àwọn ọkùnrin ju ìwọ̀, ó há ẹja lẹ́nu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwa náà ń fà padà. Ẹsẹ̀ wa ń yọ̀ lórí iyanrìn, igi mọ́ṣáláṣí sì ń sún mọ́ wa. Naushad pariwo láti iwájú pé, “Ìyá, ẹ lọ máa di ẹrù yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí dé egungun. Ibi tí mo ti ń fi ìbínú fà ni mo ti rántí ọkọ mi. Ogójì ọdún ló fi ọ̀pá àti okùn pẹja túnà, ìwọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀gún lẹ́nu, bíi ti gbogbo apẹja wa. Ó máa ń sọ fún mi pé okùn tó le ló ń di ẹja mú, tí okùn bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹja ti lọ. Mo wo ìwọ̀ onígi yẹn. Ó ń dán bọ̀rọ́, kò lẹ́gùn-ún. Ta ló tún máa gbẹ́ irú mìíràn níbí? Ọdún mẹ́fà la ti ń bá wọn fa okùn wọn le.

Mo sọ ọ́ sétí Kamana, òun náà sọ ọ́ sétí ẹni tó tẹ̀ lé e. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Mo kígbe pé, “Ẹ má fà mọ́. Ẹ sáré lọ bá wọn.”

A gbé ẹja sáré lu àwọn ọkùnrin. Gbogbo wọn ṣubú lé ara wọn lórí, Naushad ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwọ̀ já bọ́ bí ẹni pé kò há rí. A yí ẹja padà, ó di òkun.

Ó ku ìṣísẹ̀ mélòó kan ni ẹsẹ̀ mi kó sí ihò akàn. Mo fi ojú gbálẹ̀. Kí n tó rí ẹnu ké, Kamana ti di apá mi mú, Wadheefa ti gbá mi mọ́ ìbàdí, òyìnbó obìnrin yẹn pàápàá di ẹsẹ̀ mi kan mú. Wọ́n gbé èmi àti ẹja pọ̀, wọ́n ju àwa méjèèjì sínú omi.

Nígbà tí mo yọ orí, Naushad ti ń wọ́ omi bọ̀, iyanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ tún ṣubú. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.”

Mo ní, “Mo ṣubú lóòótọ́. Ta ló gbé mi?”

Ó wo àwọn obìnrin.

Mo tún ní, “Lájà kẹjọ yẹn, tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́, táwọn ọmọ lọ sílé ìwé, tí mo bá ṣubú, ta ló máa gbé mi?”

Ó ní eré lòun ń ṣe lánàá. Kamana ní àwa ò ṣeré. Ọmọ mi wá bú sẹ́kún níbẹ̀, ọkùnrin ràbàtà yẹn, nínú omi tí kò mù ún dé orúnkún. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Mo di í mú. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù, àmọ́ n kò ní tìtorí ẹ̀rù rẹ̀ lọ ti ara mi mọ́lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta ògiri jọ kó lè tún un mọ. Ó mọ ọ́n dé ìpele kejì, ó dúró. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí Kamana nídìí ààrò rẹ̀, Kamana sì ń rí ìdí ààrò tèmi. Ó wò ó títí. Ó wá tú èyí tó ti mọ, ó to òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ lọ́jọ́ kejì, agbọ̀n ẹja gbígbẹ àti gbẹ̀rẹ̀fútù ló jókòó sórí àga mi. N kò lè lọ sin wọn dé èbúté, mo ń sun róṣì lọ́wọ́, Kamana sì ti ń pariwo láti ilé rẹ̀ pé ó ń jóná.