Ẹni Tó Ń Dá Kòkòrò Padà

Bàbá náà kò wọ awò ojú rí láyé rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, síbẹ̀ ó lè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ poro kó nawọ́ sí igi tòmátì kẹwàá, kó ní, "Ọ̀kan wà níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ ewé. Ó ń jẹun lọ́wọ́." Ẹni tó bá lọ yí ewé náà padà á bá kòkòrò ajẹwé níbẹ̀ lóòótọ́, aláwọ̀ ewé bíi ti ewé gan-an, tó ká kò bí olè tí wọ́n ká mọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ojú Àwòdì.

Ojú náà dáa. Ọwọ́ tó ń tẹ̀ lé e ni kò dáa. Tí alágbàṣe bá fi kòkòrò kan sílẹ̀ sórí ìlà tó ti ṣà, Bàbá kì í pariwo. Á mú kòkòrò náà, á fi lé alágbàṣe náà lọ́wọ́, á wá bá a pa ìka rẹ̀ dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Mú un dání fún mi." Onítọ̀hún á dúró gbagidi sójú oòrùn, ohun tútù yẹn á máa yí lọ yí bọ̀ láàárín ọwọ́ rẹ̀, títí Bàbá á fi yẹ ìyókù ìlà náà wò tán. Tó bá tẹ̀ ẹ́ pa, Bàbá á wá òmíràn fún un.

Kò yọ àwọn ọmọ tó bí sílẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin sá lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ lọ́rì ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àti títí dòní, tí èèyàn bá na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́, á kọ́kọ́ yọjú wo àtẹ́lẹwọ́ onítọ̀hún ná. Àbígbẹ̀yìn ló ṣẹ́ kù sí Bàbá lọ́wọ́. Òun náà lọ sílé ọkọ, ó sì fi àpótí kan ṣoṣo padà wálé. Láti ọdún mẹ́fà wá, òun ló ń kọ ebè, òun ló ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, òun ló ń fi okùn so igi tòmátì mọ́ ọn, òun ló ń ru apẹ̀rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn apakòkòrò, ara okùn ṣòkòtò Bàbá ló wà. Ọjọ́ tí wọ́n á ká èso, Bàbá ni. Ẹni tí wọ́n á tà á fún, Bàbá ni. Àbígbẹ̀yìn ti lé lógójì ọdún, Bàbá á ṣì máa sọ fún un níwájú àwọn alágbàṣe pé, "Ọmọdé ń ṣe ẹ́."

Obìnrin alájàpá tó ń kó tòmátì wọn lọ sí ìgboro wá lọ́jọ́ kan. Ó ní òun fẹ́ gba gbogbo èso oko náà pátá lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kí Bàbá sinmi díẹ̀, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa darí iṣẹ́, torí ara ò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò máa darí rẹ̀? Eléyìí? Eléyìí tí ilé ọkọ tú dànù bí omi ìfọṣọ?"

Àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín. Àbígbẹ̀yìn náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rín ẹ̀rín náà pẹ́ ju tiwọn lọ díẹ̀, ló bá gbé agolo rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Inú agolo mílíìkì ńlá ni wọ́n ń ṣa kòkòrò sí, kí wọ́n tó dà wọ́n sínú omi ọṣẹ. Bàbá ya ìlà mẹ́rin tó sún mọ́ abà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ṣa tiẹ̀ tán, ó jẹun, ó sùn lọ. Àbígbẹ̀yìn ń gbé agolo tiẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó gbọ́ tí Bàbá ń hanrun. Ó ki ọwọ́ sínú agolo, ó mú kòkòrò mẹ́ta, ó tò wọ́n sábẹ́ ewé bí ẹni ń to ọmọ sórí ẹní.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá wò ó. Ó yọ ọ̀kan, ó tún yọ èkejì. "Mo ti yẹ ibí yìí wò láàárọ̀."

"Bóyá ojú yín ló fò ó, Bàbá. Kò tó nǹkan."

Bàbá yọ ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ kejì, ó jí ṣáájú àkùkọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń ṣa ìlà rẹ̀ mọ́ tónítóní, lójoojúmọ́ sì ni ọmọ rẹ̀ ń dá kòkòrò padà síbẹ̀. Tí Bàbá ò bá sùn lọ́sàn-án, á dúró dìgbà tó bá lọ wẹ̀. Ó ń fi márùn-ún síbẹ̀, ó ń fi méje. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́, á yí ewé kọ̀ọ̀kan padà lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀. Ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ́jú láràárọ̀. Àbígbẹ̀yìn lọ ra oògùn ojú fún un fúnra rẹ̀, á gbá a lórí mú sáyà, á ní, "Ẹ má ṣẹ́jú, Bàbá, ẹ jẹ́ kó wọlé dáadáa." Bàbá á sì dúró jẹ́jẹ́ bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àánú rẹ̀ ṣe é. Ó bá a níbi tó ti di ojú méjèèjì, tó ń fi ìka wá kòkòrò lábẹ́ ewé. Ó yí padà pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ da gbogbo rẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Omi tí mo ní kó o bù wá ńkọ́? Àbí o lọ gbẹ́ kànga ni? Aláìnírònú!"

Àbígbẹ̀yìn bu omi fún un. Lẹ́yìn náà, ó lọ fi kòkòrò mẹ́sàn-án sórí ìlà rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé lọ́rì wá, kó sì mú alájàpá dání. Ó kó wọn lọ sẹ́bàá abà, àwọn alágbàṣe náà tẹ̀ lé wọn. Bàbá ti wà lórí ìlà rẹ̀ láti ìdájí, àfi ìgbà tó lọ wẹ̀.

"Ó mọ́," ni Bàbá wí. "Tòní mọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta."

Àbígbẹ̀yìn yí ewé àkọ́kọ́ padà. Ọ̀kan wà níbẹ̀. Ó yí òmíràn. Méjì. Kí wọ́n tó dé ìdajì ìlà, méje ti wà lójú táyé. Alájàpá fọwọ́ bo ẹnu. Àbígbẹ̀yìn ṣa èyí tó sanra jù nínú wọn, ó mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó fi í lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì bá a pa ìka rẹ̀ dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá mi mú un dání," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Omi ń dà pòròpòrò lójú Bàbá.

"Ojú mi ti lọ," ló wí. "Ẹ ṣàánú mi, ojú mi ti lọ."

Ó fi ọwọ́ kejì tú kọ́kọ́rọ́ nídìí ṣòkòtò, ó nà án sí àkọ́bí rẹ̀. Ọkùnrin náà gbà á, ó sì fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ láì wò ó lójú.

Láti ọjọ́ náà, àga ike kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà abà ni Bàbá ń jókòó sí. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú lóòótọ́ lójú ara rẹ̀. Tí èèyàn bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an, á ní, "Ta nìyẹn?" Ó ń fi ọwọ́ wá àwo oúnjẹ. Àbígbẹ̀yìn ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìtọ̀.

Oko náà dára ní tiẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ṣí yàrá oògùn, ó gbé èyí tó le jù jáde, èyí tí Bàbá máa ń ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ó ń fín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣa kòkòrò mọ́. Gbogbo kòkòrò ajẹwé kú. Àwọn aláǹtakùn tó máa ń ta àwọ̀n sáàárín ọ̀pá, tí wọ́n ń pa kòkòrò jẹ, kú pẹ̀lú wọn. Oyin ò sì wá mọ́. Òdòdó tòmátì yọ, èso bẹ̀rẹ̀ sí í so, alájàpá ń yìn ín. Lẹ́yìn náà ni òjò dá, tí ooru mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ràn sórí igi tòmátì tó sún mọ́ àga Bàbá jù lọ. Bàbá ń wò ó láì ronú nǹkan kan. Ó rí àmì funfun wínníwínní lára ewé ìsàlẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó na ọwọ́ já ewé náà, ó tẹ́ aṣọ ìnujú funfun rẹ̀ sórí itan, ó gbọn ewé náà sí i pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Nǹkan pupa kan bọ́ sílẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó rìn. Òmíràn náà rìn. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́jọ.

Ó mọ̀ wọ́n. Kòkòrò tó ń ta okùn bí aláǹtakùn ni, tó ń fa omi ara ewé mu títí ewé á fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá a jà láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ṣẹ́gun, torí ó tètè rí i, ó fa igi bíi mélòó kan tu, ó sun wọ́n. Ó fẹ́ pariwo pe ọmọ rẹ̀. Ó ti la ẹnu.

Ló bá tún wo aṣọ ìnujú náà. Mẹ́jọ. Ó rí ẹsẹ̀ wọn.

Ó ń ronú kan ìlà mẹ́rin yẹn, àti àràárọ̀ tó fi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àti ẹni tó máa ń kọ́kọ́ rí kòkòrò náà nígbà gbogbo. Nígbà tó yá, ó ká aṣọ ìnujú náà ní mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

Àbígbẹ̀yìn jáde. "Bàbá, ẹ ti jí? Kí lẹ ń wò?"

"Kí lẹni tí ò ríran fẹ́ wò?" ni Bàbá wí. Ó na ọwọ́ sókè. "Fà mí lọ sílé ìtọ̀."

Láràárọ̀, ó ń gbọn ewé kan. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n dé ìlà kejì, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n kọjá sí ìkarùn-ún. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ọmọ rẹ̀ wá bá a fúnra rẹ̀, ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ewé ń pọ́n níhà ọ̀dọ̀ abà yìí. Mo ti bomi rin ín, kò gbọ́. Kí lẹ rò pé ó ń ṣe é?"

Bàbá ń wo òkè orí rẹ̀. Ó mọ̀ pé oògùn yẹn kì í ran àwọn kòkòrò pupa, ohun tó ń pa wọ́n jẹ nìkan ló ń pa. "Oògùn rẹ ni ò tó. Fín in lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ó fín in lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí oṣù tó parí, àwọ̀n funfun ti bo orí igi tòmátì láti òpin kan dé èkejì, ewé rọ̀ wọlẹ̀, èso tí kò tíì ju èékánná àtàǹpàkò lọ ń gbẹ mọ́ igi. Lọ́jọ́ ìkórè àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n gbé lọ́rì dé láti wá kó ẹrù alájàpá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ìka kan àwọ̀n náà.

"Kòkòrò tí Bàbá máa ń sun nìyí," ló wí. "Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

Àbígbẹ̀yìn sáré lọ sídìí àga. Kó tó sọ̀rọ̀, Bàbá ti yọ aṣọ ìnujú jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, gbogbo ara aṣọ náà kún fún àbàwọ́n pupa.

"Mo rí i láti ìgbà tó wà lórí igi kan ṣoṣo," ló wí.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ rí i, ẹ sì ní kí n máa fín oògùn? Ẹ jẹ́ kí gbogbo oko kú, Bàbá?"

"Ìwọ lo sọ fún gbogbo ayé pé mi ò ríran. Odindi oṣù kan lo fi ń kán omi sí mi lójú."

Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n láti ọ̀kan dé èkejì. "Kí lẹ ń sọ? Ta ló ṣe kí ni?"

Àbígbẹ̀yìn kọjú sí i, ó pariwo débi pé àwọn alágbàṣe gbọ́ ọ lódìkejì oko. "Èmi ni mo ń dá wọn padà! Gbogbo kòkòrò tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ yẹn, inú agolo mi ni wọ́n ti wá! Bàbá ò fo ẹyọ kan! Kò fo ẹyọ kan rí!" Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà ò jọ ti àbámọ̀.

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń kí kú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ yẹ ara yín," ló wí, ó sì gun lọ́rì rẹ̀ lọ láì gbé apẹ̀rẹ̀ kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa oko náà tu, wọ́n sì sun ún. Bàbá dìde lórí àga, ó rìn fúnra rẹ̀, ó ń tu, ọmọ rẹ̀ ń kó, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Alájàpá ti wá oko míì. Àwọn alágbàṣe lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì dágbére. Ẹ̀gbọ́n ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, Bàbá ní òun ò ní fi ilé òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n wá ní kí àbúrò òun wá nígbà náà, ìyẹn náà fún un ní ìdáhùn kan náà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí i pé wọ́n ti ń to àpótí àti bẹ́ǹṣì sáàárín pálọ̀ láti fi pààlà, ó lọ mú bíríkìlà kan wá láti la ilé náà sí méjì. Bíríkìlà ta okùn rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Okùn náà gba àárín fèrèsé kọjá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ọ́n, ìdajì fèrèsé sápá ọ̀tún, ìdajì sápá òsì. Nígbà tí ògiri ga dé orúnkún, ó nu àágùn ojú rẹ̀, ó béèrè ibi tí òun máa fi ilẹ̀kùn sí, kí wọ́n lè máa rí ara wọn tó bá di ọ̀ràn àìsàn.

"Kò sí ilẹ̀kùn," ni Bàbá wí látẹ̀yìn ògiri.

Bíríkìlà yíjú sí Àbígbẹ̀yìn, bóyá òun á sọ nǹkan míì. Obìnrin náà ti ń gbé bulọ́ọ̀kù bọ̀ láti ìta, méjì lẹ́ẹ̀kan náà.