Ojú Ńlá Inú Àpótí Òsì

Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Ọmọ́yẹni gbé àpótí sípíkà méjì kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú ṣọ́ọ̀bù Jàmíù, inú Jàmíù dùn, ó ń kọ orin lábẹ́lẹ̀. Àmọ́ bó ṣe rí igi pupa tí wọ́n fi kan àpótí wọ̀nyẹn, tó rí aṣọ dúdú tó bo iwájú wọn, orin náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mọ̀ wọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò ní kó má mọ̀ wọ́n.

"Ọ̀gá Jàmíù, ẹ kú iṣẹ́ o." Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fọ́mọ iléèwé kọ. "Àwọn sípíkà Daddy mi nìyí. Ó ti pé ọdún kan tí wọ́n ti papò dà, mo wá ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́. Àwọn èèyàn ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù ní Ọ̀fà tó lè sọ irú èyí dọ̀tun."

"Ẹ káàbọ̀, Mummy. Kí ló ṣe wọ́n?"

"Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọdún 1993, Daddy ò lu àwo mọ́. Wọ́n ní àpótí òsì ti pa ohùn dà, pé kì í ṣe ohùn tí àwọn rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, orin ló fi ń jẹun ọ̀sán."

Jàmíù ní òun á wò ó. Kò lè wo ojú obìnrin náà.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yìí, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, ọ̀gá rẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Láńrewájú lorúkọ ọ̀gá náà, kò sì sí rédíò tó kú tí kò lè jí. Òun ni Daddy Jacob, bàbá Ọmọ́yẹni, gbé àpótí òsì wá bá lọ́dún 1993 yẹn, nítorí wáyà kan tó já nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Láńrewájú so wáyà náà, ó ní kí Jàmíù fi súkúrù dé àpótí padà, òun ń lọ jẹun.

Ọmọ iṣẹ́ ni Jàmíù nígbà náà, ó ku oṣù méjì kó ṣe fírídọ̀mù, ó sì ń kan àpótí tirẹ̀ tí yóò fi han ayé pé òun mọṣẹ́. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń ní ojú méjì: ojú kékeré fún ohùn tín-ín-rín, ojú ńlá fún ohùn tó ń dún bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ojú ńlá tó wà nínú àpótí Daddy Jacob, Jàmíù kò rí irú rẹ̀ rí. Kí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹun tán, ó ti yọ ọ́, ó ti fi ti ògbólógbòó rédíò kan rọ́pò rẹ̀, ó sì ti fi aṣọ dúdú bò ó mọ́lẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Daddy Jacob fi padà dé. Níwájú gbogbo èrò tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ló ti pe Láńrewájú lólè. Láńrewájú gbé Bíbélì, ó búra. Jàmíù dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò yanu. Láti ọjọ́ náà làwọn oníbàárà ti ń yà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Lọ́dún kẹta, Láńrewájú kú. Jàmíù ló gba ṣọ́ọ̀bù náà.

Àpótí ọ̀tún ló kọ́kọ́ dojú kọ. Fóòmù tó yí etí ojú ńlá rẹ̀ ká ti gbó, ńṣe ló ń rún bí èkuru tó gbẹ. Ó ha á kúrò, ó gé fóòmù tuntun, ó fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ bébà àárín rẹ̀ wọlé-wọ̀de títí ó fi dá a lójú pé kò ha ibì kankan. Ó so ó mọ́ ampilifáyà. Ohùn tó jáde mú kí alágbàṣe tó ń kọjá lọ dúró gbọ́.

Ó wá ṣí àpótí òsì. Súkúrù tí ó fi ìkánjú dì ní wọ́rọ́kọ́ lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, bí eyín tó hù gbun. Ó so ó mọ́ ampilifáyà. Kò dún. Ó já wáyà rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú píláyà nílẹ̀. Ìgbà náà ni ẹnì kan ha ọ̀fun nínú àpótí náà, lẹ́ẹ̀mejì: "Hún-ùn. Hún-ùn."

Ọ̀sán gangan ni. Wáyà kankan kò sí lára àpótí. Láńrewájú a sì máa ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ kó tó tan ohunkóhun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Jàmíù fi píláyà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń ka àdúà tó bá ti wá sí i lẹ́nu, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sílé.

Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ wà bó ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo páálí abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti fà síta, tí wọ́n sì tò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fara balẹ̀ wá nǹkan. Kò sí ohun tó sọ nù. Ó kó wọn padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún bá wọn níta.

Lọ́jọ́ kẹrin, Aishat ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Safiyat, ta ni bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì yẹn?"

Jàmíù yí padà. Kò rí ẹnikẹ́ni. "Bàbá wo?"

"Bàbá tó wọ gíláàsì, tó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn orí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Àbí ibo ló gbà?"

Ọmọ ìlú Ojoku ni Aishat, ẹ̀yìn ikú Láńrewájú ni Jàmíù tó fẹ́ ẹ. Kò rí ọkùnrin náà rí láyé. Láńrewájú ló sì ń fi okùn so gíláàsì mọ́rí.

Jàmíù kò jẹun. Ó mú sukurudíráfà, ó gba ilé lọ, Aishat ń sáré tẹ̀ lé e. Ó dojú àpótí fírídọ̀mù rẹ̀ dé ní pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Sípíkà wa lo ń tú yẹn? Kí ló ṣe é?"

"Kì í ṣe tiwa."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Aishat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O jẹ́ kó kú sínú orúkọ olè," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tó ṣe, ó tún ní, "Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ láyé?"

"Ó wà ní Ìjàgbó."

"Máa lọ."

Jàmíù fi táwẹ̀lì wé ojú ńlá náà, ó gun ọ̀kadà. Ẹ̀yìnkùlé ló bá Ìyá Abọ́sẹ̀dé, opó ọ̀gá rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Jàmíù dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó tú táwẹ̀lì, ó rojọ́ náà tán pátápátá.

Màmá bó ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú abọ́.

"Nǹkan yìí ni?"

"Òun ni, Ma."

"Bó ṣe kéré tó yìí."

"Ṣé Bàbá mọ̀ pé èmi ni, Ma?"

"Ì bá mà mọ̀! Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá bú ẹ, ì bá lé ẹ, ì bá sì rí oorun sùn. Ọkọ mi ò fura sí ẹnikẹ́ni àfi ara ẹ̀. Ó ní bóyá òun lòun yọ ọ́, tóun gbàgbé ibi tóun gbé e sí. Ojoojúmọ́ ló ń tú abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tó bá délé, á tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á tú àgbá tí mò ń rọ àgbàdo sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó pè mí, ó ní, 'Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ó jọ pé mo ti rántí ibi tí mo gbé e sí.' Mo ní, 'Níbo?' Kò dáhùn mọ́."

Jàmíù bú sẹ́kún.

"Má sunkún síbí," ni màmá wí. "Àárín èrò ni wọ́n ti pè é lólè. Èrò yẹn ti tú ká. Ilé ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ ló kù. Lọ tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbé e padà fún wọn, wá mú mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó pààrọ̀ fóòmù etí rẹ̀, ó tún igi àpótí méjèèjì dán. Nígbà tó gbé ojú ńlá náà padà sínú àpótí òsì, gbogbo ihò súkúrù ṣe wẹ́kú. Ó jókòó, ó ń retí kí ẹnì kan ha ọ̀fun. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lókè ọ̀hún nìkan ló ń gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, òun àti Ìyá Abọ́sẹ̀dé wọ pálọ̀ Ọmọ́yẹni. Jàmíù dúró lórí ìdúró, ó sọ ohun tó ṣe. Ọmọ́yẹni kò bá a wí. Ńṣe ló ń wo fọ́tò bàbá rẹ̀ lára ògiri.

"Daddy mi ni ọ̀gá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí Bàbá Láńrewájú kú," ló wí. "Wọn ò jẹ́ kí akọrin kankan lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n ní a kì í kọrin fún olè."

Ó kúnlẹ̀ fún màmá. Màmá ní kó dìde, pé òun kọ́ ló ṣe é.

"Ẹ lù ú ká gbọ́," ni màmá wí.

Ọmọ́yẹni mú àwo kan nínú àwọn àwo bàbá rẹ̀, ó fi lé ẹ̀rọ. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, àwọn ohùn ńlá sì ń ti àpótí òsì jáde wá bí ẹni pé èèyàn ni wọ́n, tí wọ́n dúró sínú yàrá. Ìyá Abọ́sẹ̀dé di etí àga mú. Nígbà tí orin náà parí, ó ní kí wọ́n tún un lù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lù ú.

Jàmíù sìn ín dé ìdí kẹ̀kẹ́. Ó na ọwọ́ kó fi dì í mú gòkè. Màmá wo ọwọ́ náà, ó fi irin kẹ̀kẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè.

"Ma, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"N kò tíì mọ̀," ni Ìyá Abọ́sẹ̀dé dáhùn. "Tí mo bá mọ̀, màá ránṣẹ́ sí ẹ."

Kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Ìjàgbó lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà. Òjò ti rọ̀ báyìí, àgbàdo tuntun ti délé, ìránṣẹ́ màmá kò tíì dé.