Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin fún Gbọ̀ngán Ìjọba

Ogún ọdún ni mo ti fi ń kan pósí. Iṣẹ́ tó dáa ni, kò sí oníbàárà kankan tó padà wá ṣàròyé rí. Àmọ́ ó ń dùn mí. Mo fẹ́ kan nǹkan kan tí alààyè máa lò kí èmi náà tó kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ìjọba ń wá àga tí gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè yìí máa rí ara wọn nínú ẹ̀, àga tí wọ́n á gbé sí gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń gbàlejò, èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Òfin wọn ò le: kí ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yà kan má sì ga ju ti ẹlòmíì lọ. Mo kan ìjókòó àti ẹ̀yìn àga, mo sì gbẹ́ ẹsẹ̀ kan fún ẹ̀yà tèmi. Mo pe alágbẹ̀dẹ, ará orí òkè. Mo pe Bàbá Ọlọ́kọ̀, tó ń kan ọkọ̀ létí odò. Mo sì pe Ìyá Alápẹ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn ẹ̀ ń da ẹran ní pápá. Ìyàwó mi ṣe àtùpà onígíláàsì aláwọ̀ mẹ́rin, ó gbé e sórí òpó gíga kan lẹ́yìn àga.

Ọjọ́ tí a kó ẹsẹ̀ jọ, ojú tì wá. Kálukú ti wọn tiẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé wọn. Ti alágbẹ̀dẹ dé ìbàdí mi, ti Bàbá Ọlọ́kọ̀ ò ju orúnkún lọ.

"Ẹ má fọwọ́ kan tiyín, ẹ̀yin àgbà," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Èmi ni màá gé tèmi."

"Láéláé! Tèmi ni ká gé," Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ dá a lóhùn.

A ṣe bẹ́ẹ̀ títí, a tú ká láì gé nǹkan kan. Àmọ́ gbogbo wọn ló mọ̀ pé abẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alágbẹ̀dẹ yọ́ wọlé, ó gé tiẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, kó má baà dà bíi pé ó ń gbéra ga. Lọ́sàn-án, Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ rí i pé tòun ló wá ga jù, òun náà gé tiẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní kò sẹ́ni tó máa mọ ọ̀wọ̀ ju òun lọ, lòun náà bá gé tiẹ̀, bó ṣe ń yí ká lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo rí i o, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún àgbà pé ọ̀wọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù? Kí n má purọ́, èmi náà mú ayùn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí obìnrin tí ìjọba rán wá yẹ àga náà wò fi máa dé, ìyẹn Ìyá Fáìlì bí a ṣe ń pè é, ẹsẹ̀ àga ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dọ́gba! Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí i, ó sì jókòó gbì. Ó wòkè.

"Ṣé àtùpà nìyẹn ni, àbí òṣùpá?"

Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sáré dì í lápá, à ń fà á. Mo ti gbà pé pósí ni màá máa kàn títí ayé.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ló wí. Ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ṣí fáìlì lé itan. "Ó mà tù mí lára o. Ẹ fún mi ní bírò kí n fọwọ́ sí i."

Omi bọ́ lójú mi. Láti ogún ọdún, òun lẹni àkọ́kọ́ tó na gbọọrọ sínú iṣẹ́ ọwọ́ mi tó sì bá mi sọ̀rọ̀.