Bẹ́ǹṣì Iwájú Wọ́ọ̀dù

"Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, irin yìí á gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á dìde fúnra rẹ̀."

Ẹńjíníà Kọ́lápọ̀ lu irin tó pín bẹ́ǹṣì tuntun náà sí mẹ́ta. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn rẹ́rìn-ín.

"Ó dára. Kò yẹ kí àlejò wọ Ifẹ̀ kó bá ẹní gbígbó nílẹ̀."

Àtíbàbà páánù ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níwájú wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Ẹbí aláìsàn kì í wọ wọ́ọ̀dù lálẹ́. Abẹ́ páánù ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Bí nọ́ọ̀sì bá nílò oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀, á yọjú, á kígbe orúkọ aláìsàn. Ẹbí á dáhùn, á gba ìwé, á sáré. Nọ́ọ̀sì kì í pe fóònù. Ta ni yóò san owó ìpè?

Wọ́n wó páánù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbin òdòdó, wọ́n ri iná sólà, wọ́n ṣe géètì.

Ṣàkírátù, opó kan láti Ẹdúnàbọ̀n, sún mọ́ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní, Rùqáyyàh, bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá lára rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Níbo ni kí àwa wà lálẹ́?"

"Ilé yín ńkọ́, màmá?" ni Alága bi í.

"Ẹdúnàbọ̀n ni, sà. Bí wọ́n bá pe ọmọ mi ńkọ́?"

"A pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní aago mẹ́wàá àárọ̀," ni Alága wí. "Kò sẹ́ni tó yọjú nínú yín."

"Aago mẹ́wàá là ń tò fún oògùn, sà."

"Màmá, ọgbà ìgbafẹ́ nìyí," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Ẹ lọ ṣe ìtíkáfì yín mọ́jú ní mọ́ṣáláṣí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, Ìdrís tó ń ṣọ́ ọgbà mú kọ́kọ́rọ́ dání.

"Ìyá, ẹ jáde."

"Jẹ́ kí n dúró sẹ́bàá òdòdó, ọmọ mi. Mi ò ní jókòó."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ṣàkírátù jáde. Ó jókòó sí etí gọ́tà ní òdìkejì títì, ó kọ ojú sí wọ́ọ̀dù. Jẹnẹrétọ̀ ilé epo ń dún lẹ́yìn rẹ̀, géètì tí wọ́n tì sì bo ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù mọ́ ọn lójú. Kò sùn.

Aago méjì kọjá díẹ̀, nọ́ọ̀sì yọjú.

"Ẹbí Rùqáyyàh!"

Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iná sólà tàn sórí bẹ́ǹṣì tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀. Ó padà wọlé.

Nígbà tí wọ́n ṣí géètì ní òwúrọ̀, Ṣàkírátù gbé ògì gbígbóná wọlé. Wọ́n gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìwé kan wá.

"Ẹ tẹ̀ka síbí, màmá."

"Kí ni wọ́n kọ?"

Nọ́ọ̀sì kò wò ó lójú. "Pé ọmọ yín kú ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Pé a pe ẹbí rẹ̀ láti wá ẹ̀jẹ̀, ẹbí kò sí nítòsí."

"Mo wà nítòsí."

"Màmá, ẹ tẹ̀ka. Àwọn mìíràn ń dúró."

Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè na ọwọ́. Nọ́ọ̀sì di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó bá a tẹ̀ ẹ́.